Iná Tó Ń Ṣòfò Nílé Alájà Mẹ́rìnlá

Oṣù kẹfà ni. Oòrùn mú níta débi pé àwọn Òyìnbó ń bọ́ra sílẹ̀ kiri lójú títì, àmọ́ ní àjà kẹsàn-án ilé ọ́fíìsì tí mò ń gbálẹ̀ rẹ̀, obìnrin kan wọ kóòtù òtútù jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó fi aṣọ bo itan. Ó tan híítà kékeré kan sábẹ́ tábìlì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sí i. Lókè orí rẹ̀, atẹ́gùn tútù ń rọ́ jáde bí ìgbà tí ènìyàn ṣílẹ̀kùn fíríìsà. Mo dúró ti ọwọ̀ mi, mò ń wò ó. Iná ló ń mú òtútù bá a lókè, iná náà ló tún ń yá nísàlẹ̀.

Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ara òun le, pé bí ilé náà ṣe máa ń rí nìyẹn bí ooru bá dé. Ó ní nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, àwọn á máa làágùn, àwọn á máa wá ibi tí àwọn ti lè rí fèrèsé ṣí. Lísà ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé náà tó bi mí pé kí ni wọ́n ń pè mí. Ẹ bá mi fi í sọ́kàn, torí ó fẹ́ ṣe mí lóore, èmi ni n kò mọ bí wọ́n ṣe ń gba oore níbẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo kọ́, lábẹ́ Ọ̀gá Sùlé, lọ́nà Ìgbòho. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ, mo sì tún bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí mo gbòmìnira. N ò ní sọ bí mo ṣe dé Kánádà. Ẹni tó ti rìn ín ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín á rò pé àsọdùn ni mò ń ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn ni mo fẹ́ sọ, torí ó ṣì ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo fi ìyàwó mi àti Rùkáyà ọmọ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Rùkáyà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ nígbà náà. Ìwé tí wọ́n fún mi kò gbà kí n mú wọn dání. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé agbálẹ̀ kò lè mú ìyàwó wá, àfi ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́, tí ilé iṣẹ́ kan gbà á sí iṣẹ́ náà tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Mo ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi ni n kò ní. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọwọ̀ lọ́wọ́ nílé yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń wá, iṣẹ́ tí yóò jẹ́ kí ìyàwó mi àti ọmọ mi wá bá mi.

Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ ti òtútù. Èmi, ìkíni ló kọ́kọ́ dùn mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo dúró sẹ́bàá ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, mo ń tẹrí ba fún gbogbo ẹni tó ń wọlé, mo ń kí wọn ẹ káàárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì pere ló dáhùn. Ọkùnrin kan gbé báàgì rẹ̀ kúrò ní ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi sí ọwọ́ kejì. Ní Ṣakí, bí o bá kọjá lára ènìyàn láì kí i, wọn á lọ bi ìyá rẹ léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Níbí, bí o bá kí wọn jù, wọ́n á rò pé o fẹ́ tọrọ nǹkan. Lẹ́yìn oṣù kan mo dákẹ́ ẹnu mi, ó sì dà bí ẹni pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Dẹ́nì ni ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ilé náà. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Nísàlẹ̀ ilé ló máa ń wà, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbígbóná, omi tútù àti atẹ́gùn káàkiri ilé wà. Ó ní kí n máa pe òun ní Dẹ́nì. Ẹnu mi kò gbà á. Ọkùnrin tó tó bí mi, kí n máa pè é lórúkọ lásán bí ọmọ kíláàsì mi? Mista Dẹ́nì ni mò ń pè é, ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀wọ̀ fún un nígbà náà ju bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí lọ.

Ó ń gbé ẹrù gun àkàsọ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá a gbé e wọ yàrá ẹ̀rọ. Bí a ṣe wọlé, mo gbọ́ ìró fáànù ńlá kan, mo ní, "Bẹ́líìtì fáànù yìí ti dẹ̀, sà." Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó pa á, ó fọwọ́ kàn án, bẹ́líìtì náà ti dẹ̀ lóòótọ́. Ó bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti bá àwọn tó gbà mí síṣẹ́ sọ ọ́, wọ́n gba ọwọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa ràn án lọ́wọ́. Lórí ìwé, agbálẹ̀ ni mo ṣì jẹ́. Inú mi dùn ṣá. Mo pe ilé, mo ní ọ̀nà ti ń là.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n ní kí n wá wo omi tó ń jò ní àjà kọkànlá. Kò sí ẹ̀dá kankan nínú ilé náà. Gbogbo àga wà lófo, àmọ́ atẹ́gùn tútù ń fẹ́ láti àjà kìíní títí dé ìkẹrìnlá, ó ń gbọn bébà lórí tábìlì. Mo ń wo èyí lọ́wọ́ ni Ìyá Rùkáyà pè.

"Bàbá Rùkáyà, ẹ má bínú pé n kò gbé ìpè yín lánàá. Láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti lọ gba iná sí fóònù."

"Rùkáyà ńkọ́?"

"Ooru ò jẹ́ kó sùn. Gbogbo ara rẹ̀ ló ti sú. Màámi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Kí ló ń hó lẹ́yìn yín yẹn? Ṣé ìjì ń jà lọ́dọ̀ yín ni?"

"Fáànù ni."

"Fáànù tó ń hó báyẹn? Ẹ̀yin àti èèyàn mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní Òyìnbó mọ̀ ọ́n jẹ, pé kí n bu díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ó ṣe pa fóònù tán, mo jókòó sórí àga ẹni ẹlẹ́ni, inú mi kò dùn rárá. Ọmọ mi ń sun ẹkún ooru ní Ṣakí, àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ atẹ́gùn sí àga.

Ní ọjọ́ Ajé mo bi Dẹ́nì léèrè. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Mo ní ta ló wá ń darí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí i, a jọ wò ó. Ilé iṣẹ́ kan ti wà ní àjà kọkànlá rí tí wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ fún àwọn. Wọ́n ti kó lọ tipẹ́. Kò sí ẹni tó padà wá yọ àṣẹ náà kúrò, gbogbo ilé ni ó sì ń ṣe é fún. Dẹ́nì gbé èjìká sókè, ó ní, "Bí mo ṣe bá a nìyẹn."

N kò pè é ní ọ̀lẹ. Ó ti sú u ni. Bí ẹnì kan bá pè pé òtútù ń mú òun, á fi kún ooru. Bí ẹlòmíràn bá pè pé ooru mú òun, á fi kún òtútù. Kì í rántí dá èyí àkọ́kọ́ padà. Ọdún tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé ilé náà dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi sí, tí wọ́n tún ń da iyọ̀ sí, tí wọ́n tún ń bu omi sí. Mo ní ṣé n lè yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní kí n ṣe bí mo bá ṣe fẹ́, kí n má ṣáà ti ba nǹkan jẹ́.

Báyìí ni mo bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Sùlé kọ́ wa pé kí a tó gbé sípánà, ká kọ́kọ́ fetí sí ẹ̀rọ, ká fọwọ́ kàn án, ká gbóòórùn rẹ̀. Mo gé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo ń gbé e sẹ́nu ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde ní àjà kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Lísà nìkan ló wá bi mí pé kí ni mò ń ṣe, mo sì ṣàlàyé fún un títí ó fi yé e.

Ní yàrá ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí apá òkè ilé, mo fọwọ́ kan páìpù omi gbígbóná. Oṣù keje là ń sọ yìí. Ó yẹ kí páìpù náà tutù bí òkú, ṣùgbọ́n ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ mi. Fáàfù rẹ̀, ìyẹn ìdérí tó ń dá omi dúró, kò pa dé ìdí. Kọ̀ǹpútà rò pé ó ti pa, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lọ́wọ́ tí yóò fi kàn án. Bí atẹ́gùn bá wọlé, omi gbígbóná á kọ́kọ́ yan án, omi tútù tó wà níwájú á tún mú un tutù. Ẹ̀rọ méjì ń bára wọn jà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó ni ilé ń sanwó fún àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe Lísà. Wọ́n ti fi kún òtútù jù kí ó lè borí ooru tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo tún rí ilẹ̀kùn tó ń gba atẹ́gùn láti ìta. Ó ti dípẹtà, ó sì lanu sílẹ̀, tó jẹ́ pé nígbà òtútù, òtútù ìta gan-an ni wọ́n ń fà wọlé tí wọ́n ń gbìyànjú láti mú gbóná. Mo ha ìpẹtà náà kúrò, mo fi epo sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó sì ń pa. Mo yí àkókò tí ẹ̀rọ ń jí àti àkókò tí ó ń sùn padà. Lóṣooṣù ni mo ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. A kò ra ẹ̀rọ tuntun kan. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ohun tó wà nílẹ̀ náà ni, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ni kò tíì kàn án rí.

Ọjọ́ Àìkú tí mo kọ́kọ́ wọ ilé náà tí mo bá a tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àjà kọkànlá, mo sọ pé Alhamdulilahi. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, nínú oṣù kẹfà, Lísà di híítà rẹ̀ sínú páálí, ó ní kí n bá òun gbé e lọ sísàlẹ̀. Aṣọ pénpé ló wọ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe èyí. Mo mọ̀ pé ìwọ ni." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Dẹ́nì ni. Ó ní rárá.

Mo mọ ilé náà ju àwọn tó ni ín lọ. Mo mọ fáàfù tó máa ń gan, mo mọ fáànù tó máa ń sọ̀rọ̀ kí ó tó ṣàìsàn. Àmọ́ káàdì tó ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú kò sí lọ́wọ́ mi. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, ni mò ń gbà wọlé. Bí mo bá ti jáde síta, ìlú náà kò mọ̀ mí rí. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé ẹ̀rọ nìkan ni mo bá mọra níbẹ̀, ó sì máa ń mú mi banú jẹ́.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri pé àwọn tó ni ilé fẹ́ gba amójútó ẹ̀rọ kan sí iṣẹ́ pátápátá, ẹni tí yóò wà pẹ̀lú Dẹ́nì títí Dẹ́nì yóò fi fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Wọ́n á kọ orúkọ mi sílẹ̀ bí oníṣẹ́ ọwọ́, ìyàwó mi á lè wá. Dẹ́nì gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Tìẹ ni." Mo pe ilé lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Rùkáyà ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ilé ìwé aládàáni kan. Nígbà tí sáà fi máa parí, ó ti sọ fún ọ̀gá wọn pé òun kò ní padà wá. N kò dá a lẹ́kun. Èmi gan-an ti ń wo ilé tó ní yàrá méjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Sùlé, ọmọṣẹ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni òun ṣe iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan tó ń ta ẹja áísì gbé fíríìsà wá láti Ìjió. Ọ̀gá lọ sí Òkèhò, èmi ni mo tú u, èmi ni mo tún un ṣe. Nígbà tí obìnrin náà padà wá tó rí i pé ó ti ń mú yìnyín, ó ní, "Ta ló bá mi ṣe é?" Mo ní, "Èmi ni, mà." Ọ̀gá ti dé, wọ́n gbọ́. Wọn kò sọ nǹkan kan títí obìnrin náà fi lọ. Wọ́n wá ní, "Ìwọ ni? Ta ló kọ́ ọ?" Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbá.

Mo kọ́gbọ́n. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá béèrè, mo máa ń sọ pé, "Ọ̀gá wa ni." Ọ̀gá á sì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ má dá a lóhùn, òun ló ṣe é. Ọwọ́ ọmọ yẹn dáa. Ẹ fún un ní nǹkan." Bó ṣe máa ń lọ nìyẹn. Ọmọṣẹ́ á gbé iyì náà fún ọ̀gá, ọ̀gá á gbé e padà fún ọmọṣẹ́, oníbàárà á mọ ẹni tó ṣe é gan-an, kò ní sí ẹni tó tẹ́. N kò rí ọ̀gá kankan rí, ní Ṣakí tàbí ní Ìsẹ́yìn, tó gbà á tí kò dá a padà.

Obìnrin tó ń ṣe alákòóso fún àwọn tó ni ilé ni Ìyáàfin Háàtì. Òun ló fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ náà. Ó pe èmi àti Dẹ́nì sí yàrá ìpàdé ní àjà kẹrìnlá. N kò wọ yàrá náà rí àfi bí mo bá fẹ́ gbá a. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó tì í. Ó tẹ́ ìwé iná sórí tábìlì, ó ní owó náà já wálẹ̀ débi pé àwọn rò pé mítà ló bàjẹ́, pé àwọn tiẹ̀ rán ẹnì kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mítà kò ṣe nǹkan kan. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Ó wá gbé ojú sókè. Kì í ṣe Dẹ́nì ló wò, èmi ló wò. Ó ní, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo tẹrí ba. Mo ní, "Mista Dẹ́nì ni, mà. Èmi kàn ń bá wọn gbé irinṣẹ́ ni. Àwọn ló kọ́ mi."

Mo wá yíjú sí Dẹ́nì, mo dúró kí ó dá a padà.

Dẹ́nì wúkọ́. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣe é. Ó máa ń ràn mí lọ́wọ́, ènìyàn dáadáa ni."

Mo ṣì ń dúró. Mo rò pé ó ṣì máa sọ ọ́, pé ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyáàfin Háàtì kò gbé ojú kúrò lára mi. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?" Ṣé kí n wá sọ fún un níwájú àgbàlagbà yìí pé irọ́ ni? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gba ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kọ́lìn síṣẹ́ náà. Ó ní ìwé ẹ̀rí, kò tíì fọwọ́ kan fáàfù ilé náà rí. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un yíká. Mo fi gbogbo rẹ̀ hàn án, àjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń sọ pé Dẹ́nì mọṣẹ́ gan-an o.

Mo pàdé Ìyáàfin Háàtì níwájú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Mo gbójú, mo bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ èmi. Ó ní, "Lísà ti wá bá mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ìwọ lo ṣe é, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ìdí tí mo fi pè ọ́ síbẹ̀ nìyẹn, kí o lè sọ ọ́ létí àwọn yòókù. Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí lo fẹ́ kí n kọ sílẹ̀ nígbà tí ìwọ fúnra rẹ sọ pé irinṣẹ́ lò ń gbé?" Ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé, ilẹ̀kùn padé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Dẹ́nì. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn?"

Ó yà á lẹ́nu. Lóòótọ́ ni ó yà á lẹ́nu, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé èmi ni. Mo rò pé o kò fẹ́ wàhálà ni, pé bóyá ọ̀rọ̀ ìwé rẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Àbí n kò kọ́ ọ ní nǹkan ni?"

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo fẹ́ bá a jà, n kò rí ibi tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó jí i ni, ǹ bá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, níwájú ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Mo bínú sí i. Mo bínú sí Ọ̀gá Sùlé tó kọ́ mi ní ìdajì, tí kò sọ fún mi pé àwọn ìlú kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdajì kejì. Èmi tí mo mọ̀ pé páìpù gbóná nígbà tí kọ̀ǹpútà ní ó tutù, mo dúró níwájú ènìyàn márùn-ún, mo sọ irọ́ nípa ara mi, mo sì ń retí kí wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sá fún fóònù. Ní ọjọ́ karùn-ún, ní àsìkò ìsinmi àárọ̀, nígbà tí wọ́n á ti kírun Alaasari tán ní Ṣakí, mo pè. Ìyá mi ló gbé e.

"Àkànní, ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ti ra báàgì o. Ó ti ń sá ata tó fẹ́ gbé dání."

Mo sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ti bọ́. Wọ́n bi mí pé báwo, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe dúró, bí mo ṣe tẹrí ba, ohun tí mo sọ. Mo retí kí wọ́n kígbe. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ mìíràn á wá, Insha Allahu. Àmọ́ o ṣe é re. Láàrin àwọn Òyìnbó, o kò gbàgbé ilé. O kò dójú tì wá. Bí Sùlé bá gbọ́ èyí, inú rẹ̀ á dùn." Wọ́n gbé ẹnu kúrò lẹ́nu fóònù, mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyàwó mi. "Ìyá Rùkáyà, wá gbọ́ bí ọkọ rẹ ṣe bọ̀wọ̀ fún àgbà níbi tó wà."

Inú ìyá mi dùn. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, ohùn wọn dùn bí ìgbà tí mo gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá Sùlé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Ó ti gbé fóònù jáde síta.

"Bàbá Rùkáyà."

"Mo ń gbọ́ ẹ."

"Wọ́n ní iṣẹ́ yẹn ti bọ́."

"Ó ti bọ́."

"Ta ló tún ilé yẹn ṣe?"

"Mo ti ṣàlàyé fún Màámi..."

"Mo gbọ́ ohun tí Màámi sọ. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Yàrá ẹ̀rọ ni mo wà. Kọ́lìn ń súfèé ní ìhà kejì. Mo yíjú sí ògiri.

"Èmi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Èmi ni mo ṣe é. Kò sí ẹni tó bá mi dá sí i."

Ó jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tilẹ̀ nira rárá. Rùkáyà ń kọrin lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orin tí n kò mọ̀.

Ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún."